Àwọ̀ Inú Ìgò: Ṣé Ìpara Lè Gba Ipò Oòrùn àti Bẹ́ẹ̀dì Oníná?

 

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Nílé níbí, ti àwọn tó ń bóra, tí wọ́n fẹ́ pupa, là ń gbọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà àti ní Ọsirélíà, òdìkejì rẹ̀ ló gbòde: aláwọ̀ funfun ló ń wá bí ara òun yóò ṣe rí búráùn, kí ó dà bíi pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti etíkun dé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, tó ń tọ́jú àwọn tí oòrùn ti ṣe léṣe. Àwọn mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ìpara tó ń sọ awọ di búráùn láìsí oòrùn sì wà lára ọjà wọn. Ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa.

Ìbéèrè kan ṣoṣo la gbé wá. Aláwọ̀ funfun tó bá fẹ́ kí ara òun rí búráùn, ṣé àwọ̀ tó wà nínú ìgò lè rọ́pò èyí tí oòrùn àti bẹ́ẹ̀dì oníná (bẹ́ẹ̀dì tí iná inú rẹ̀ ń ṣe bí oòrùn sí awọ) ń fún un? Ìdáhùn tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dúró lé ni pé ó lè rọ́pò àwọ̀, kò lè rọ́pò ààbò. Ẹni tó bá gba apá kìíní ìdáhùn yìí tó sì gbàgbé apá kejì yóò tún padà sínú ewu tó ń sá fún. Ẹ jẹ́ kí a tò ó ní ẹsẹẹsẹ.

1. Kí ni àwọ̀ tí oòrùn ń fún ni?

Bí aláwọ̀ funfun bá yá oòrùn títí ara rẹ̀ fi di búráùn, oòrùn kọ́ ló kùn ún. Ara fúnra rẹ̀ ló ṣe àwọ̀ náà. Mẹ́láníìnì ló fi ṣe é, ìyẹn èròjà dúdú tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ní ìsàlẹ̀ awọ ara ń pèsè. Èròjà kan náà ló mú kí àwa dúdú. Ti wa pọ̀, a bí i mọ́ wa ni. Ti aláwọ̀ funfun kéré. Ti àwọn àfín wa ṣọ̀wọ́n gan-an, ìdí sì nìyẹn tí oòrùn fi ń fìyà jẹ wọ́n, tí àrùn jẹjẹrẹ awọ ara fi ń tètè mú wọn.

Oríṣi ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní UV. Méjì nínú rẹ̀ ló ń dé ara wa: UVA tó ń wọ awọ jinlẹ̀, àti UVB tó ń jó òkè awọ. Bí ìtànṣán yìí bá wọ sẹ́ẹ̀lì, ó ń ba DNA inú rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ìbàjẹ́ náà bá ti ṣẹlẹ̀ ni ara máa ń ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè mẹ́láníìnì pé kí wọ́n ṣe sí i, kí wọ́n fi bo ohun tó ṣẹ́kù. Ẹ kíyè sí bó ṣe tò: ìpalára ló kọ́kọ́ dé, àwọ̀ ló tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tó lè gba ìkejì lọ́wọ́ oòrùn kó má gba ìkíní.

Ìtumọ̀ tí a ó máa lò títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi parí nìyí: àwọ̀ oòrùn ni ìdáhùn ara sí ìpalára tí ìtànṣán UV ti ṣe fún un. Ó ń dá ààbò díẹ̀ bo awọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kò ju ohun tí ìpara adènà oòrùn tí SPF rẹ̀ (ìwọ̀n ààbò rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn) jẹ́ 3 tàbí 4 lè ṣe lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà awọ ara ń sọ pé kí ènìyàn má lo ohun tó kéré sí 30. Àwọn tó ń sọ pé àwọn fẹ́ kọ́kọ́ fi bẹ́ẹ̀dì oníná pèsè ara sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí etíkun ń ra ìpalára kan kí wọ́n lè fara da òmíràn ni.

2. Bí àwọ̀ búráùn ṣe di oge

Àwọn ènìyàn Yúróòpù kò fìgbà gbogbo fẹ́ àwọ̀ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹni tí oòrùn pa lára ni tálákà tó ń ṣiṣẹ́ oko. Àwọn obìnrin ààfin ń kun ojú wọn ní ẹfun tí wọ́n fi òjé ṣe, kí wọ́n lè funfun sí i, májèlé sì ni òjé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ dé, òṣìṣẹ́ wọ inú ilé, awọ rẹ̀ sì funfun. Olówó ló wá ku ẹni tó ráyè lọ sí etíkun.

Ìmọ̀ ìṣègùn náà dá sí i. Ní 1903, Niels Finsen ti ilẹ̀ Denmark gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí pé ó fi ìmọ́lẹ̀ wo ikọ́ ife tó ń jẹ awọ ojú, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka oòrùn sí oògùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Coco Chanel, aránṣọ olókìkí ti Paris, tí wọ́n ní ó ti orí omi dé sí Cannes ní 1923 pẹ̀lú àwọ̀ búráùn, tí àwọn obìnrin tó rí i sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ tó jẹ́ àmì ìṣẹ́ wá di àmì ìsinmi.

3. Bẹ́ẹ̀dì oníná

Ará Jámánì kan, Friedrich Wolff, ló sọ bẹ́ẹ̀dì yìí di ọjà ní àwọn ọdún 1970. Ẹni tí kò tíì rí i rí lè fojú inú wò ó báyìí: ike gígùn tó mọ́ kedere, iná gbọọrọ bíi ti ọ́fíìsì tó tò sábẹ́ rẹ̀, ìdérí kan lókè tó ní irú iná kan náà nínú. Oníbàárà bọ́ṣọ, ó fi gíláàsì kékeré bo ojú, ó dùbúlẹ̀, wọ́n pa ìdérí dé e. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti dìde, ó ti sanwó. UVA ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí iná náà ń tú jáde, ti àwọn tó lágbára sì lè tó ìlọ́po mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún UVA inú oòrùn ọ̀sán gangan.

Ní 2009, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, kó bẹ́ẹ̀dì yìí sí ìsọ̀rí kìíní, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Ìsọ̀rí yẹn kan náà ni sìgá wà. Àjọ náà sọ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kó tó pé ọgbọ̀n ọdún ti fi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu melanoma tirẹ̀. Melanoma ni jẹjẹrẹ awọ tó burú jù, nítorí ó máa ń ti ara awọ tàn dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ.

Ọsirélíà ni a ó gbé yẹ̀ wò dáadáa, nítorí kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti korò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti Yúróòpù ṣí lọ síbẹ̀ gbé awọ funfun wọn lọ sábẹ́ oòrùn tí kì í ṣe tiwọn. Lónìí, tí a bá kó ará Ọsirélíà mẹ́ta jọ, wọn yóò rí irú jẹjẹrẹ awọ kan tàbí òmíràn lára méjì nínú wọn kí wọ́n tó pé àádọ́rin ọdún. Àwọn ènìyàn yìí kan náà ló tún ń sanwó nígbà kan rí kí wọ́n lè dùbúlẹ̀ sínú iná.

Clare Oliver, ọmọbìnrin Melbourne kan, lo bẹ́ẹ̀dì náà nígbà tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Melanoma mú un. Nígbà tó mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ kú mọ́, ó pe àwọn oníròyìn, ó jókòó níwájú kámẹ́rà, ó sì bẹ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má dán an wò. Ó bẹ ìjọba náà pé kí wọ́n ṣe òfin. Oṣù Kẹsàn-án 2007 ló kú, ọmọ ọdún 26. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìpínlẹ̀ Victoria ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dè é, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Ọsirélíà ti fòfin de gbogbo bẹ́ẹ̀dì oníná tí wọ́n fi ń ṣòwò. Western Australia tẹ̀lé wọn ní 2016. Brazil ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú gbogbo ayé, ní 2009. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 nìkan ni wọ́n kà á léèwọ̀ fún.

Òfin lè ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Kò lè mú ìfẹ́ àwọ̀ kúrò lọ́kàn ènìyàn. Ibẹ̀ ni ìgò ti wọlé.

4. Ohun tó wà nínú ìgò

Kí a tún túmọ̀ ohun kan. Àwọ̀ inú ìgò tí à ń wí ni ìpara, fọ́ọ̀mù tàbí omi fífọ́n tó ń sọ òkè awọ di búráùn láìlo ìtànṣán kankan. Kì í ṣe ọ̀dà. Nígbà ogun àgbáyé kejì, tí sítọ́kìn wọ́n bí ojú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin ń fi omi tíì tàbí èròjà tí wọ́n fi ń pa ọbẹ̀ láró kun ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á sì fi lẹ́ẹ̀dì ìpénpéjú fa ìlà lẹ́yìn ẹsẹ̀, kí ó lè jọ ojú rírán. Òjò kan báyìí, ó ti ṣàn lọ. Ohun tó wà nínú ìgò òde òní kì í ṣàn lọ bẹ́ẹ̀.

Dihydroxyacetone ni orúkọ rẹ̀, DHA ni wọ́n ń gé e sí, irú ṣúgà kan sì ni. Ìtàn bí wọ́n ṣe rí i dùn ún gbọ́. Ní àwọn ọdún 1950, Eva Wittgenstein ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Cincinnati ní Amẹ́ríkà, ó ń fi DHA fún àwọn ọmọdé tí ara wọn kò lè lo ṣúgà bó ṣe yẹ, wọ́n ń mu ún. Àwọn ọmọ náà máa ń tú u dà sára, nígbà mìíràn wọ́n á pọ̀ ọ́. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ibi tó kán sí lára wọn á di búráùn, ṣùgbọ́n aṣọ wọn kò ní àbàwọ́n kankan. Wittgenstein kò fojú fo èyí. Ó po DHA mọ́ omi, ó fi pa ara tirẹ̀, ohun kan náà sì ṣẹlẹ̀. Nígbà tó fi di 1960, ilé iṣẹ́ Coppertone ti gbé ìpara tirẹ̀ sọ́jà.

Kí ló fà á tí awọ fi yí padà tí aṣọ kò yí? Òkè awọ wa ní prótéènì, DHA sì máa ń so pọ̀ mọ́ àwọn èròjà inú prótéènì náà, àwọ̀ búráùn á sì jáde. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara búrẹ́dì nínú ààrò nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti awọ kò nílò iná. Ìpele awọ tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lókè pátápátá ni, àwọn tó ti kú, tó ń dúró de ìgbà tí wọn yóò re dànù. Kò kan ibi tí mẹ́láníìnì ti ń jáde, kò sì ba DNA sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé nísàlẹ̀ jẹ́ bí UV ti ń ṣe. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì òkú náà bá ti ń re, àwọ̀ náà ń bá wọn lọ. Nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje ló fi máa ń wà lára.

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin kan tó fẹ́ lò ó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó kọ́kọ́ fi kànìnkànìn fọ ara dáadáa, pàápàá orúnkún, ìgbọ̀nwọ́ àti gìgísẹ̀, nítorí ibi tí awọ bá ti nípọn tó sì gbẹ ni DHA ti ń mu jù, ibẹ̀ á sì dúdú ju ibi yòókù lọ. Ó nu ara gbẹ. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, ó ń pa á yípo yípo, díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá wọ ìbọ̀wọ́, ó gbọ́dọ̀ fọ àtẹ́lẹwọ́ kíákíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni yóò tú àṣírí rẹ̀ lọ́la. Ó dúró kó gbẹ kó tó wọ aṣọ tó tóbi. Láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rin, àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, òórùn kan tí gbogbo àwọn tó ń lò ó mọ̀ dunjú á sì bá a jáde. Ó dọjọ́ kejì kó tó hàn délẹ̀. Bí DHA inú rẹ̀ bá pọ̀ jù fún awọ rẹ̀, ó lè pọ́n bí ọsàn òyìnbó, ohun tó ba orúkọ àwọn ìpara àkọ́kọ́ jẹ́ gan-an nìyẹn. Nínú ìpara tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, DHA sábà máa ń wà láàárín ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún; ti àwọn tó ń fi fọ́n oníbàárà ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2021, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ìdá 10 ṣe gbèdéke rẹ̀.

Apá kìíní ìdáhùn wa ti dúró báyìí. Àwọ̀ náà wà, ó jọ ti oòrùn, ìpalára UV kò sì sí nínú rẹ̀. Ó rọ́pò àwọ̀.

5. Ibi tí ìgò kò dé

Nínú àwọ̀ tí DHA ṣe, ààbò tó wà kò ju SPF 3 tàbí 4 lọ, kì í sì í pẹ́ tó fi ń lọ, nígbà tí àwọ̀ fúnra rẹ̀ ṣì wà lára. Ẹni tó wo ara rẹ̀ nínú dígí, tó rí búráùn, tó sì rò pé òun ti le bí ẹni tó dúdú, ti ṣìnà. Kò sí àfikún mẹ́láníìnì kankan níbẹ̀. Awọ funfun tó wà nísàlẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, oòrùn yóò sì jó o.

Ó tún kù. Àwọn onímọ̀ ní Jámánì ti rí i pé bí oòrùn bá pa awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi DHA pa, àwọn èròjà burúkú tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ń pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀ ju ti awọ tí wọn kò fi nǹkan pa lọ. Ìmọ̀ràn tó tẹ̀lé èyí kò le: kí ènìyàn pa á lálẹ́, kó sì yẹra fún oòrùn líle ní ọjọ́ kejì.

Fífọ́n yàtọ̀ sí pípa. Àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà gba DHA láàyè fún ìta ara nìkan. Wọn kò gbà á fún ètè, wọn kò gbà á fún agbègbè ẹyinjú, wọn kò sì gbà pé kí ènìyàn mí i símú. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ yàrá tí wọ́n ti ń fọ́n ọn gbọ́dọ̀ bo ojú, imú àti ẹnu. Òṣìṣẹ́ tó ń fọ́n ọn fún oníbàárà láti àárọ̀ di alẹ́ ni olùdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ń ro jù, nítorí òun ló ń mí afẹ́fẹ́ yàrá náà lójoojúmọ́.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ àwọ̀ láìsí oòrùn, tí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ìpara. Hóró oògùn tó ní canthaxanthin nínú ń kó àwọ̀ rẹ̀ jọ sínú ara, ó sì máa ń dì sẹ́yìn ẹyinjú bíi yanrìn wínníwínní. Melanotan, tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ tàbí fà símú, ń ti ara láti pèsè mẹ́láníìnì. Àwọn aláṣẹ oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Ọsirélíà kò fọwọ́ sí i fún oge, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún aráàlú léraléra. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ má gbà á.

6. Àtakò méjì

Àwọn kan yóò sọ pé ìgò yìí kò dín ewu kù, pé àwọn tó ń lò ó náà ni wọ́n tún ń lọ sí etíkun. Àtakò náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ ìdáhùn àwọn àgbàlagbà wò nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe ní 2015, wọ́n rí i pé àwọn tó ń lo àwọ̀ inú ìgò ni oòrùn ń jó jù, àwọn ni wọ́n sì ń lo bẹ́ẹ̀dì oníná ju àwọn tí kò lò ó lọ. 2018 ni ìwádìí náà jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn àwọ̀ búráùn ni yóò lo ohun gbogbo tó lè fún un ní àwọ̀ náà. Ìwádìí náà fi irú ẹni tó ń ra ìgò hàn wá. Kò fi hàn pé ìgò ló tì í lọ sí etíkun.

Ìwádìí mìíràn sún mọ́ ìbéèrè wa ju èyí lọ. Ní àwọn etíkun Massachusetts, àwọn onímọ̀ lọ bá àwọn obìnrin tó ń yá oòrùn níbi tí wọ́n wà gan-an. Wọ́n kọ́ apá kan nínú wọn ní ewu oòrùn, wọ́n sì fún wọn ní ìpara náà lọ́fẹ̀ẹ́, pé kí wọ́n lo èyí dípò. Nígbà tí wọ́n tún bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn wọ̀nyí ti dín oòrùn yíyá kù ju àwọn tí wọn kò kọ́ lọ. Èsì náà jáde ní 2010. Ìgò nìkan kọ́ ni wọ́n fún wọn. Ìgò àti ọ̀rọ̀ ni. Bí a ti wí níbẹ̀rẹ̀, ó rọ́pò àwọ̀, ààbò sì gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá.

Àtakò kejì yóò ti àárín wa wá: kí ló dé tí ènìyàn kò lè fara mọ́ àwọ̀ tí Ọlọ́run fún un? Ṣé bíbóra náà kọ́ nìyí? Ìfẹ́ tó wà nídìí méjèèjì jọra lóòótọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí ara kò jọra rárá. Ìpara abóra tó ní hydroquinone ń dí mẹ́láníìnì lọ́wọ́, èyí tó ní mákúrì sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Wọ́n ń gba ààbò lọ́wọ́ ẹni tó ní in. DHA kò gba nǹkan kan, sẹ́ẹ̀lì òkú ló ń pa láró. Bí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí bá ní àǹfààní láti yí ọkàn ọmọ ènìyàn padà, kò sẹ́ni tí yóò lo èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kò lè dúró dìgbà náà kí wọ́n tó gba ẹ̀mí là.

Ibo wá ni ààbò ti ń wá? Ní Nambour, ìlú kan ní Queensland, àwọn onímọ̀ tí Adèle Green darí kó àwọn ará ìlú 1,621 jọ ní 1992. Apá kan ní láti máa fi ìpara adènà oòrùn pa orí, ọrùn, apá àti ọwọ́ lójoojúmọ́. Apá kejì ń lò ó bó ṣe wù wọ́n. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Èsì tó jáde ní 2011 fi hàn pé melanoma tó yọ lára àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti àwọn yòókù. Ìpara yẹn kò fún ẹnikẹ́ni ní àwọ̀ kankan.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun, ẹ sọ fún wọn pé bí aláìsàn bá bi wọ́n léèrè nípa ìpara yìí, kí wọ́n má fi ṣẹ̀sín: kí wọ́n ní ó sàn ju bẹ́ẹ̀dì oníná lọ, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ń lo adènà oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́n ọn fún oníbàárà, ẹ bo imú yín àti tiwọn, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Peckham tàbí ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbé ìpara adènà oòrùn tí SPF rẹ̀ tó 30 sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ inú ìgò lórí pẹpẹ kan náà, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹ ti sọ̀rọ̀ èkejì fún un.